Gílóòbù énájì mọ́kànlá, ilé kan ní Abẹ́òkúta, ọdún márùn-ún

Ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni mo kó gílóòbù énájì mọ́kànlá wá sílé ìyá mi ní Abẹ́òkúta. Àwọn tó ká bí ìkarahun ìgbín nì ni, wáàtì 15 lọ́kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù pupa wáàtì 60 ló ti wà nílé náà látọjọ́ tí bàbá mi ti kọ́ ọ, Ìyá sì ti ń ráhùn tipẹ́ pé yúnìtì tí òun ń rà kì í pé oṣù. Tí gbogbo àwọn ti àtijọ́ bá tàn pọ̀, wáàtì 660 ni wọ́n ń fà. Tí gbogbo àwọn tuntun bá tàn pọ̀, 165 ni. Ìyẹn nìkan tó ohun tí èèyàn lè torí ẹ̀ náwó. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi tọwọ́ bọ àpò gan-an ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára páálí: 8,000 wákàtí, ọdún méje. Òǹtajà náà ní, "Ẹ gbà á lọ, bọ̀dá, ó dọdún méje kẹ́ ẹ tó tún wá mi wá."

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Ìyá, ó pe régísítà ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Bó ṣe gbọ́ ọdún méje, ó ní kí n mú máákà wá. A kọ nọ́ńbà sí ìdí gílóòbù kọ̀ọ̀kan kí n tó gun àpótí lọ fi í sí i, òun náà sì ya ìwé ẹsasáìsì kan sọ́tọ̀ fún wọn: nọ́ńbà, ibi tó wà, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó kú. Nọ́ńbà 1 àti 2 wà ní pálọ̀. 3, 4 àti 5 wà ní yàrá mẹ́ta, ti Ìyá ni 3. 6 wà nílé ìdáná, 7 ní balùwẹ̀, 8 nílé ìgbẹ́, 9 ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, 10 ní fàráńdà, 11 lẹ́nu géètì. Ìwé yẹn ló wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Láìsí i, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni èmi náà ì bá máa sọ, pé gílóòbù ayé ìsìnyí kì í pẹ́, láìmọ èwo ni kò pẹ́, láìmọ ibi tó ti kú.

Nọ́ńbà 11 ló kọ́kọ́ lọ, ní oṣù kẹwàá, láàárín òjò. Nọ́ńbà 7 tẹ̀lé e ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá. Kí oṣù kìíní ọdún 2020 tó parí, nọ́ńbà 6 ti ilé ìdáná náà ti kú. Mẹ́ta nínú mọ́kànlá láàárín oṣù mẹ́jọ ààbọ̀, àwọn gílóòbù ọlọ́dún méje.

Mo gbé wọn padà lọ bá òǹtajà. Kò bá mi jà, ó fún mi ní mẹ́ta mìíràn, ṣùgbọ́n ó sọ pé iná ilé wa ló burú. Àwáwí ni mo pè é. Nígbà tí ti balùwẹ̀ kejì tún kú ní oṣù keje, tí ti ilé ìdáná kejì sì ti ṣáájú rẹ̀ kú, mo ti gbà lọ́kàn mi pé ayédèrú ni ọkùnrin náà ń tà.

Bàbá tó ń gbé lójúkojú wa ní kì í ṣe ayédèrú. Ó ní àwọn tó ń ṣe gílóòbù gan-an ló ń ṣe é kó má pẹ́, kí a lè máa padà wá rà. Ọ̀rọ̀ Bàbá ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 1924, ní ìlú Geneva, àwọn ilé iṣẹ́ gílóòbù tó tóbi jù láyé ìgbà náà, Osram ti Jámánì, Philips ti Netherlands àti àwọn mìíràn, parapọ̀ dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Phoebus, wọ́n sì fi 1,000 wákàtí ṣe òpin ọjọ́ ayé gílóòbù, bẹ́ẹ̀ èyí tó ń tàn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa ti wà lọ́jà ṣáájú ìgbà náà. Wọ́n ń dán ọjà ara wọn wò, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé ẹni tí tirẹ̀ bá pẹ́ jù. Ogun Àgbáyé Kejì ló tú wọn ká. Nítorí náà n kò bá Bàbá jiyàn. Àmọ́ ìwé Ìyá ń sọ nǹkan mìíràn. Bó bá jẹ́ pé láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fi ikú sí wọn lára, kí ló dé tó fi jẹ́ balùwẹ̀, ilé ìdáná àti géètì nìkan ló ń kú, tí ti pálọ̀ àti yàrá ń tàn lọ? Inú páálí kan náà ni mo ti yọ gbogbo wọn.

Kí n tó sọ bí a ṣe rí ìdí rẹ̀, ó yẹ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ti gbogbo èèyàn mọ́lé nítorí Kòrónà. Òǹtajà kò gba àwọn òkú gílóòbù náà lọ́wọ́ mi, Ìyá sì ti kó wọn sínú ọ̀rá sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó ní ẹ̀rí ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọlọ́dún mẹ́rin tó ń ṣeré lábẹ́ ibẹ̀ fi ẹsẹ̀ fọ́ ọ̀kan. Ìgbálẹ̀ ni a kọ́kọ́ fà yọ, a gbá a kíákíá, fèrèsé sì wà ní títì. Àṣìṣe gbáà ni. Mẹ́kúrì díẹ̀, irin olómi tó ní májèlé, wà nínú irú gílóòbù yẹn, ìwọ̀nba mílígíráàmù bíi mélòó kan ni, ṣùgbọ́n tó bá fọ́, afẹ́fẹ́ ni ń gbé e. Ohun tó yẹ ká ṣe ni pé ká kó ọmọ jáde, ká ṣí fèrèsé sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ká fi páálí tó le kó èyí tó fọ́, ká fi sẹ́lótéèpù tẹ èérún tó kù mọ́ra, ká fi bébà tútù nu ilẹ̀ náà, ká wá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò tó ní ìdérí. Ìgbálẹ̀ a máa fọ́n ọn káàkiri. Ara ọmọ náà yá, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé bó ṣe dúró láìwọ bàtà láàárín èérún funfun yẹn. Agolo mílíìkì oníderí ni Ìyá ń kó wọn sí láti ìgbà náà, lórí káńbọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Mẹ́kúrì yìí náà ló fà á tí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, Nàìjíríà wà lára wọn, fi fẹnu kò ní ọdún 2022 pé tó bá máa fi di 2025, kí ṣíṣe irú gílóòbù ilé báyìí àti kíkó o wọ̀lú dópin.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kejì ọdún 2021, iná dé ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀. Àwọn ọmọ pariwo "Up NEPA!" Iná náà mọ́lẹ̀ ju bó ṣe máa ń mọ́lẹ̀ lọ, ojú kò fẹ́ lè wò ó. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí nọ́ńbà 2 fi ró pàà ní pálọ̀. Nọ́ńbà 9 tẹ̀lé e ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, 10 náà kú ní fàráńdà. Fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí kùn bí ọkọ̀ tó ń gun òkè. Ìyá ló kọ́kọ́ dé ìdí súwíìsì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, ó sì pa á.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ iná ládùúgbò dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Wọ́n ní gílóòbù mẹ́ta jó lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Mẹ́ta ni, ọmọ mi. Nọ́ńbà wọn rèé."

"Ẹ má tíì tan nǹkan kan o, mà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wọn èyí tó ń wọlé ná."

Fọ́ltì 230 ló yẹ kó máa wọ ilé. Ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ sọ 268. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó gòkè sí 281 níṣojú wa. Obìnrin tó ń gbé ilé kejì tan áyọ́ọ̀nù láti fi lọ aṣọ iṣẹ́, ti ilé tiwa sì já wálẹ̀ sí 236 lójú ẹsẹ̀. Ó pa áyọ́ọ̀nù, tiwa tún fò sókè. Ọmọkùnrin náà yọ wáyà rẹ̀. "Kì í ṣe gílóòbù, mà, kì í sì í ṣe ilé yín. Niútúrà ló ń tú lórí òpó."

Ó jókòó, ó fi igi yàwòrán sílẹ̀ fún Ìyá, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe lóye rẹ̀. Féèsì mẹ́ta ló ń gba orí òpó kọjá, wáyà kẹrin sì ni niútúrà. Láàárín féèsì kan àti niútúrà, 230 ni. Láàárín féèsì kan àti èkejì, ó sún mọ́ 400. Niútúrà yìí ló ń mú kí féèsì kọ̀ọ̀kan dúró láàyè tirẹ̀. Tó bá tú, àwọn ilé tó wà lórí féèsì kan àti àwọn tó wà lórí èkejì yóò wá máa pín 400 náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, pípín náà kì í sì í dọ́gba: féèsì tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù máa já lé lórí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a wà ní òpópónà náà, ilé mélòó kan kò lẹ́nì kankan, ẹrù féèsì wa sì fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí áyọ́ọ̀nù ẹnì kan, tó ń fi ẹrù kún féèsì wa, fi ń gba gbogbo wa.

Kò gun òpó. Ó ní iṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná ni, pé kí a má ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá wa gùn ún lówó pọ́ọ́kú. Ọjọ́ kẹta tí a ti ń pè wọ́n ni wọ́n tó dé. Fún ọjọ́ mẹ́ta, iná wà, fìtílà ni a ń tàn, nítorí a kò gbẹ́kẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n so niútúrà pọ̀ sí lórí òpó ti jó funfun, wáyà rẹ̀ ti tinrín bí okùn ìránṣọ. Wọ́n gé e, wọ́n sì so ó tuntun. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn tí ọmọkùnrin náà ń bá wa wọ̀n ọ́n, ó ń rìn láàárín 224 àti 238. Mo padà lọ bá òǹtajà gílóòbù, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó sọ fún mi lọ́dún tó ṣáájú, apá kan rẹ̀ jẹ́ òtítọ́.

Apá kan ni, nítorí niútúrà kò lè dájú sọ balùwẹ̀ kó fi yàrá sílẹ̀. A bẹ ọmọkùnrin náà pé kó wo ibi mẹ́ta tó ń jẹ gílóòbù.

Ti géètì kò ṣòro. Bàbá mi kàn so hódà rọ̀ sábẹ́ páànù ni, òjò sì ń fẹ́ wọ inú rẹ̀. Irin inú hódà ti dípẹtà, gílóòbù kò jókòó dáadáa, ó ń ṣẹ́ná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbàkígbà tí atẹ́gùn bá mì í. Ó yọ gbogbo rẹ̀, ó fi ilé gíláàsì onírọ́bà tí wọ́n ṣe fún ìta sí i.

Ti ilé ìdáná, àwo gíláàsì funfun kan ló bo gílóòbù náà mọ́ àjà. Ó rẹwà, Ìyá fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó tú u, ìdí gílóòbù ti pọ́n bí àgbàdo sísun, kòkòrò sì ti kú kún ìsàlẹ̀ àwo. Ìdí gílóòbù énájì ni gbogbo ọpọlọ rẹ̀ wà, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń dá iná fún un, kàpásítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, sì wà lára ẹ̀rọ náà. Ooru ni ọ̀tá kàpásítọ̀: ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò ni pé bí ooru bá fi dígírì mẹ́wàá gòkè, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín kù sí ìdajì. Gílóòbù tó dorí kodò láti àjà, ìdí rẹ̀ ló wà lókè, òkè sì ni ooru ń lọ. Ẹ wá fi àwo dé e, ẹ fi ooru gáàsì ìdáná lé e. Láìsí àwo, tó kàn so rọ̀ ní gbangba, ì bá rí ibi mí. Ìyá yọ̀ǹda àwo náà, kò dùn mọ́ ọn.

Balùwẹ̀ ló rú mi lójú jù. Hódà rẹ̀ dára, omi kò dé ibẹ̀, kò sí àwo, iná rẹ̀ kì í sì í tàn ju bíi wákàtí kan lọ lójúmọ́ tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Oṣù méje ní wákàtí kan lójúmọ́, kò pé 220 wákàtí. Nínú 8,000!

Mo wá kà nípa bí wọ́n ṣe ń dé ìdí 8,000 náà. Nínú ilé ìdánwò, wọ́n máa ń tan ọ̀pọ̀ gílóòbù fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n á pa wọ́n fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á tún tàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ bọ̀. Wákàtí tí ìdajì wọn bá ti kú ni wọ́n ń kọ sára páálí. Ìdajì o. Ọjọ́ tí nọ́ńbà náà bá pé, nínú mọ́kànlá tiwa, márùn-ún tàbí mẹ́fà ni wọ́n ti rò pé ó máa ti lọ. Mo ń kà á sétí Ìyá, ló bá gba bàírò lọ́wọ́ mi. Ó pín 8,000 sí ọ̀nà mẹ́ta, ó kọ 2,667. Ó ní, "Iye ìgbà tí wọ́n tàn án nìyẹn. Báwo ni a ṣe ń tan tiwa?"

Àwa márùn-ún là ń gbé ilé náà nígbà yẹn, balùwẹ̀ kò sì ní fèrèsé, àfi ihò atẹ́gùn, nítorí náà tọ̀sán tòru ni a ń tan iná ibẹ̀. Ìyá fojú bù ú sí ẹ̀ẹ̀mejìlá lójúmọ́. Láti ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá jẹ́ ọjọ́ 212. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ní ọ̀nà 212 jẹ́ 2,544. Ó ṣí ìwé lọ sí nọ́ńbà 8, ti ilé ìgbẹ́. Ibẹ̀ ní fèrèsé, alẹ́ nìkan ni wọ́n ń tan iná rẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ó ti kú ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, lẹ́yìn ọjọ́ 492. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní ọ̀nà 492: 2,460.

A wo ojú ara wa. Oṣù méje ni ọ̀kan lò, oṣù mẹ́rìndínlógún ni èkejì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye ìgbà títàn kan náà ni wọ́n jọ kú sí. Àdììtú gílóòbù olóṣù méje yẹn ló tú lójú mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ní ẹnu méjèèjì ọ̀pá gílóòbù énájì, wáyà tín-ín-rín kan wà tí wọ́n fi ẹbu kun, ẹbu yìí ló ń mú kí iná ràn nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá tàn án ni díẹ̀ ń bọ́ kúrò lára ẹbu náà. Ìdí rẹ̀ rèé tí ẹnu gílóòbù tó ti gbó fi ń dúdú. Tí ẹbu bá tán, ó tán, ìbáà jẹ́ wákàtí igba péré ló tíì tàn. Ní àdúgbò tí wọ́n ti ń mú iná lọ tí wọ́n ń mú un wá nígbà mẹ́rin lálẹ́ kan, títàn kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìyẹn náà, bí èèyàn kò tilẹ̀ fọwọ́ kan súwíìsì.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, a fi LED wáàtì 9 sí balùwẹ̀, ilé ìgbẹ́, ilé ìdáná, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti géètì. LED kò ní wáyà oníẹbu, títàn àti pípa kì í ṣe é ní nǹkan bí ó ṣe ń ṣe ti àkọ́kọ́. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ka wákàtí rẹ̀ pàápàá yàtọ̀: wọn kì í dúró dìgbà tó bá kú, wákàtí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ti rọ dé ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó jẹ́ ní tuntun ni wọ́n ń kà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré tó ní kàpásítọ̀ wà ní ìdí òun náà. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kú lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá. Ọmọkùnrin oníṣẹ́ iná là á níwájú mi: gbogbo ojú ìmọ́lẹ̀ kéékèèké inú rẹ̀ ló pé, kàpásítọ̀ rẹ̀ ló wú. Èyí tó wọ́n díẹ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ, tí ìdí rẹ̀ wúwo nítorí irin tó ń gbé ooru jáde, ló fi rọ́pò rẹ̀, òun ló ṣì wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń gbé gílóòbù sọ́wọ́ kí n tó ka ohun tó wà lára páálí.

Nọ́ńbà 4 àti 5 kú ní ọdún 2022, kò sí ohun tó ṣe wọ́n ju ọjọ́ orí lọ. Nọ́ńbà 1 ti pálọ̀, tó là á já ní alẹ́ tí nọ́ńbà 2 ẹgbẹ́ rẹ̀ kú, tàn dé oṣù keje ọdún 2023. A máa ń tan án ní nǹkan bíi wákàtí márùn-ún lójúmọ́, iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀ papọ̀, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́. Ìyá ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí 7,600 wákàtí. Òun nìkan nínú mọ́kànlá ló sún mọ́ ohun tí páálí sọ, ibi tó sì ti dé ibẹ̀ ni ibi tó jọ ilé ìdánwò wọn jù lọ: afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, kò sí àwo, a ń tan án pẹ́ a kì í sì í tan án léraléra.

Nọ́ńbà 3 ti yàrá Ìyá ṣì wà láyé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 tí mo lọ kí i, ó pé ọdún márùn-ún àti oṣù kan. Wákàtí méjì lálẹ́ ni, nítorí náà kò tíì kọjá 3,800. Ẹnu méjèèjì rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń tó ìṣẹ́jú kan kó tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo ti ra LED tí a ó fi rọ́pò rẹ̀, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, nítorí àyè ọjọ́ ikú rẹ̀ ṣì ṣófo nínú ìwé.